Ẹ Má Fi Ojú Nìkan Dájọ́ Kókó Inú Ọpọlọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ fi òru ṣe ọ̀sán kí ẹ tó mọ bí a ti í ka àwòrán inú agbárí ọmọ ènìyàn, òní ni a ó sìn yín dé ẹnu ọ̀nà, n kò sì ní jẹ́ kí ẹ lọ láì tún ọ̀rọ̀ kan sọ.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Jẹjẹrẹ ọpọlọ àti eéwo inú ọpọlọ a máa jọra nínú àwòrán MRI bí ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn: méjèèjì a yọ bí òrùka, etí wọn a mọ́lẹ̀ yòò, àárín wọn a ṣú, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń fẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn líle, èkejì ń fẹ́ kí a fa ọyún rẹ̀ kí a sì lo oògùn apakòkòrò.

Láti ọdún 1946, tí Felix Bloch àti Edward Purcell ti rí i ní Amẹ́ríkà pé átọ̀mù tí ó wà láàárín òòfà a máa jẹ́ ìpè ìgbì rédíò, ni spectroscopy ti ṣẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí ó ń ya èròjà inú kókó ní ìlà, tí ṣóńṣó orí ìlà náà ń sọ èròjà tí ó wà níbẹ̀, kí a lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Níbi tí jẹjẹrẹ bá ti ń gbilẹ̀, ṣóńṣó choline a ga ní ojú 3.2 ppm lórí ìlà náà, ti N-acetylaspartate, ẹlẹ́rìí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó yè, a wálẹ̀ ní 2.0. Nínú ọyún eéwo, amino acid ní í yọ ní 0.9. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú jẹjẹrẹ tí àárín rẹ̀ ti kú náà ń yọ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ TE 135, ìyẹn ìdúró mílísẹ́kọ́ńdù 135 kí a tó gbọ́ èsì átọ̀mù, nítorí níbẹ̀ ni amino acid yóò ti dorí kodò, tí ọ̀rá yóò sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo wa ti pa ẹnu pọ̀ pé jẹjẹrẹ ni ó ní, tí a ti sọ fún ìyá rẹ̀, tí omijé ti ń bọ́ lójú obìnrin náà, kí ṣóńṣó kékeré tí ó dorí kodò yẹn tó tú àṣírí. Ọyún ni oníṣẹ́ abẹ bá níbẹ̀. Ojú ìyá náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Síbẹ̀, ẹ má sọ ìlà yìí di òrìṣà. Àrùn tí ń bó èèpo okùn iṣan ọpọlọ a máa gbé choline sókè bí jẹjẹrẹ, ìwọ̀n tí a bá sì ṣe lẹ́bàá eegun a máa dàrú. Ìgbà mìíràn wà tí ó di dandan kí a gé ẹran ara díẹ̀ wò.

Ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín níwájú ìlà tí kò yé yín, ẹ mú un wá sílé mi. A ó jọ wò ó.