Ẹ Yan Òkúta Kí Ẹ Tó Yan Òrùka



A ti dé ìgbà tí àwọn àbúrò wa ń gbé ìyàwó. Àwọn kan nínú wa náà ṣì ń múra, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Hatton Garden, àdúgbò tí ìsọ̀ àwọn oníwúrà kún bámúbámú. Owó tí ènìyàn fi oṣù púpọ̀ kó jọ lè tán níbẹ̀ láàárín wákàtí kan, lórí díámọ́ńdì tí kò tó ẹyọ àgbàdo.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra òkúta lọ́tọ̀, kí wọ́n tó dè é mọ́ òrùka. Bó bá ti wọnú wúrà, èékánná wúrà tó dì í mú lè bo àbùkù rẹ̀, kò sì ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n mọ́.

Ohun mẹ́rin là ń wò: ìwọ̀n, àwọ̀, mímọ́ àti gígé. Káráàtì 1 jẹ́ mílígíráàmù 200. Ní ti àwọ̀, D ló mọ́ jù. Bí ẹ ṣe ń lọ sí Z ló ń pọ́n rúsúrúsú. Ní ti mímọ́, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 ni wọ́n fi ń wá àbààwọ́n. Èyí tí ojú lásán kò bá rí, kí lẹ fẹ́ sanwó gọbọi lé e lórí fún? Gígé gan-an ló ń mú un dán. Ẹ tún rántí pé owó máa ń fò sókè bó bá ti pé káráàtì 1. Òkúta 0.90 fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o lójú, owó rẹ̀ sì dín.

Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀. GIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931, ń yẹ òkúta wò, kì í tà á. Ẹ fi nọ́ńbà, ìwọ̀n àti fífẹ̀ tó wà nínú ìwé wé òkúta náà. Nọ́ńbà nìkan kò tó, torí àwọn oníjìbìtì ti kọ nọ́ńbà òkúta kan sára òmíràn rí. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á ni kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bèèrè orírun rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣebí a rántí ogun Sierra Leone, 1991 sí 2002, tí àwọn ọmọ ogun wa lọ jà lábẹ́ ECOMOG? Díámọ́ńdì wà lára ohun tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ra ìbọn. Ìyẹn ló bí ètò Kimberley ní 2003.

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní iléeṣẹ́ ńkọ́? Kì í ṣe ayédèrú o, díámọ́ńdì ni. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Ní 2018, De Beers fúnra rẹ̀ ń tà á ní 800 dọ́là fún káráàtì 1, láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ sì ti ń já wálẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ rà á. Ẹ má ṣáà san owó tinú ilẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló ká mi lára jù. Ẹ má ra díámọ́ńdì bí ẹni tó ń fi owó pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá wa ta wúrà ọrùn rẹ̀ láti san owó ilé-ìwé wa. Wúrà ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà ṣírò rẹ̀. Díámọ́ńdì kò ní irú iye bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé e padà lọ́la, àfàìmọ̀ kí ẹ má pàdánù púpọ̀ nínú owó yín. Pé díámọ́ńdì wà títí láé, ìpolówó ọjà ni. Frances Gerety ló kọ ọ́ fún De Beers ní 1947.

Nítorí náà, bí ìfẹ́ bá ní kí ẹ rà á, ẹ rà á fún ìfẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ wá ibòmíràn fi sí.