Bọ́ǹbù Lè Lé Aláṣẹ Kúrò, Ṣé Ó Lè Tún Ìlú Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìjíròrò ẹgbẹ́ wa ní Imeri)

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Nígbà tí a parí ìpàdé tó kọjá, arákùnrin kan dìde, ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó ní ọkọ̀ òfurufú ogun wá ju bọ́ǹbù lu gbogbo aláṣẹ burúkú ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n kó wọn kúrò, kí ará ìlú lè simi. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Àríyànjiyàn náà pọ̀ débi pé a kò tètè túká.

N kò bú arákùnrin náà. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa yìí mọ ohun tó ń bí i nínú. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọsìn. Ẹni tó ti rí irú èyí yóò máa wá alágbára tí yóò gbèjà òun. Ìbéèrè mi ni pé: bí alágbára bá ti òkèèrè wá fi ogun lé ìjọba kan lọ, ṣé èyí tó sàn ni yóò rọ́pò rẹ̀, ṣé yóò sì pẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó rí. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí oyè. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àgbádárìgì, ó bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù kọkànlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní òpin oṣù kejìlá, wọ́n tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun àti àgbá ńláńlá. Ìjà yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Agídìngbì. Ilé jóná, Kòsọ́kọ́ sá lọ, Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, ó fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí.

Ẹni tó bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ yóò ní ogun náà dára, nítorí òwò ẹrú jẹ́ ohun ìríra. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1853, Kòsọ́kọ́ tún kó ogun wá bá Èkó. Lọ́dún náà ni Akítóyè kú, tí ọmọ rẹ̀ Dòsùmú jọba. Ní 1854, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lé Kòsọ́kọ́ bá a jókòó ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n bá a ṣe àdéhùn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 1861, wọ́n tún gbé ọkọ̀ ogun dúró níwájú Èkó, wọ́n ní kí Dòsùmú fọwọ́ sí i pé Èkó ti di tiwọn. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó fọwọ́ sí i. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá! Àgbá tó fi bàbá jọba ló gba ìlú lọ́wọ́ ọmọ, Èkó kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn títí di 1960.

Ẹlòmíràn yóò ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wo Líbíyà. Ní oṣù kẹta 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé fàṣẹ sí i pé kí wọ́n fi ogun dáàbò bo àwọn ará ìlú lọ́wọ́ Gaddafi. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, àwa náà sì dìbò pé kí wọ́n ṣe é. NATO àti àwọn alájọṣe wọn ju bọ́ǹbù fún nǹkan bí oṣù méje. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n pa Gaddafi, àwọn ènìyàn jó ní ìgboro. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ṣàkóso fún ọdún 42, kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan hù. Nígbà tó lọ, àwọn tó mú ìbọn kò gbé e sílẹ̀. Ní 2014, ìlú pín sí méjì, ìjọba méjì ń bá ara wọn jà. Ìbọn tú ká gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Mali àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwa náà sì wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, “Sierra Leone ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù karùn-ún 1997, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Kabbah tí ará ìlú dìbò yàn. Ní oṣù kejì 1998, ECOMOG tí Nàìjíríà ṣáájú lé wọn kúrò ní Freetown, Kabbah sì padà ní oṣù kẹta. Àbáchà, ológun tó ń jọba lé wa lórí níbí, ló rán àwọn ọmọ ogun lọ dá ìjọba alágbádá padà síbẹ̀! Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Ṣé ìjà parí? Rárá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tún wọ Freetown, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n gé ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló kú síbẹ̀. Ó di 2002 kí ogun náà tó parí. Kí ló parí rẹ̀? Ìjókòó sọ̀rọ̀ ní Lomé, ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé tó ju 17,000 lọ, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gbígba ìbọn lọ́wọ́ ènìyàn tó ju 70,000 lọ, ilé ẹjọ́ fún àwọn ọ̀daràn ogun, àti ìdìbò. Nígbà tó di 2007, ẹgbẹ́ tó wà lórí àga fìdí rẹmi nínú ìdìbò, wọ́n sì gbé ìjọba sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé nǹkan ti yí padà.

Bákan náà ni ti Jámánì àti Japan tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni pé ogun ló ṣẹ́gun wọn ní 1945. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́gun dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n náwó láti tún ilẹ̀ náà ṣe, àwọn ará Jámánì sì ti mọ ìdìbò àti ilé ìgbìmọ̀ kí Hitler tó dé. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ju bọ́ǹbù tó sì fò lọ.

Èyí tó wù mí jù ni Gambia. Ní oṣù kejìlá 2016, ará ìlú dìbò, wọ́n ní kí Jammeh máa lọ lẹ́yìn ọdún 22. Ó kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà. ECOWAS rán àwọn aṣáájú lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n tún kó ọmọ ogun sí ẹnu ààlà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2017, Jammeh wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ. Wọn kò ju bọ́ǹbù lu ìlú kankan. Ará ìlú ti yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Agbára tó wá láti òde kàn ti ìdájọ́ wọn lẹ́yìn ni.

N kò ní purọ́ fún yín pé àìjagun máa ń yanjú gbogbo nǹkan. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn lè fi ogun lé wọn. Ìpínlẹ̀ wa méje ló bá Niger pààlà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Abuja kò fọwọ́ sí ogun náà. A kò jà, àwọn ológun náà kò sì kúrò. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìlú náà ró ká ní a ti ju bọ́ǹbù lu Niamey? Kò sẹ́ni tó dáhùn ìyẹn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Imeri mọ̀ ọ́n: bí a bá ṣán igbó tí a kò gbin nǹkan sí i, igbó tí yóò hù padà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olúwa wa pẹ̀lú sọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́ tó jáde nínú ilé, tó padà rí i pé ilé ṣófo, tó sì lọ kó méje mìíràn tó burú ju òun lọ wá. Bọ́ǹbù lè gbá ilé mọ́. Kò lè gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, arákùnrin mi, má dá àdúrà dúró, má sì máa retí ọkọ̀ òfurufú ẹnikẹ́ni. Gba káàdì ìdìbò rẹ. Dúró ti ìbò rẹ títí wọn yóò fi kà á. Béèrè ohun tí káńsẹ́lọ̀ fi owó ìlú ṣe. Bí wọ́n bá sì tún ń sọ pé kí Nàìjíríà lọ ja ogun sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kọ̀wé sí aṣòfin rẹ, bi í pé: lẹ́yìn bọ́ǹbù, ta ló kù, kí sì ni yóò ṣe? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

 Mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.