Ìkúùkù Ta Ni? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Wíwọn Oúnjẹ Tí Ìrísí Rẹ̀ Kò Gún

     

Ní ọdún tí dókítà sọ fún ìyá mi pé ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, wọn kò ní kí ó kọ iyán sílẹ̀ pátápátá, wọ́n kàn ní kí èyí tí yóò máa jẹ lẹ́ẹ̀kan má ju ìkúùkù kan lọ. Ìyá mi délé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò ó, ó ní kí n di ọwọ́ tèmi, ó wò ó, ó wá yíjú sí ọwọ́ bàbá mi, ẹni tí ó ti ń fi ọkọ́ kọ ebè láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì bi mí léèrè pé, "Ọmọ mi, ìkúùkù ta ni?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà wá, òun náà ni mo sì gbé kalẹ̀ níwájú yín lónìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń kà nígbà tí a bá ní à ń ka kálórì. Kálórì kì í ṣe èròjà tí a lè bù sínú oúnjẹ bí a ti ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Agbára tí ara lè rí fà yọ nínú oúnjẹ ni, ìwọ̀n rẹ̀ kan sì ni ooru tí yóò mú kí omi tí ó wúwo tó kílógíráàmù kan fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i. Wilbur Atwater, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1844, tí ó sì kú ní 1907, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yàrá kékeré kan ní Yunifásítì Wesleyan ní ìlú Middletown, tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó ń jẹ, tí ó ń sùn, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń wọn gbogbo ooru tí ara rẹ̀ ń mú jáde. Inú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ìṣirò tí a ń lò títí dòní ti wá: gíráàmù kan sítáàṣì tàbí ṣúgà ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù kan purotéènì ń fún un ní 4, gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo sì ń fún un ní 9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èdè tí ìṣirò yìí ń sọ. Gíráàmù nìkan ni ó mọ̀. Kò mọ róbótó, kò mọ gbọọrọ, kò mọ ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìkúùkù.

Ojú wa ńkọ́? Ìrísí ni ojú mọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi iyán bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn àgbà ló sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí a bá gbé iyán róbótó méjì síwájú ènìyàn, tí ìbú ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, tí ìbú èkejì sì jẹ́ 10, yóò ní èkejì kàn fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ ni. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun róbótó kì í tóbi síhà kan ṣoṣo. Bí ó ti ń fẹ̀ síwájú ni ó ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ó ti ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó ń ga sókè, títí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá rí òkèlè 10 bù nínú iyán àkọ́kọ́, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí 20 irú kan náà bù nínú èkejì. Ẹni tí ó ní òun jẹ iyán ẹyọ kan lánàá, tí òun sì jẹ ẹyọ kan lónìí, kò purọ́ rárá, síbẹ̀ ó lè ti jẹ ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ iṣu náà kò yàtọ̀, iṣu tí í ṣe olórí nínú àká àgbẹ̀. Ègé iṣu ni à ń kà fún ọmọ, ègé ni à ń kà fún àlejò, a sì gbà pé ègé kò ju ègé lọ. Ṣùgbọ́n iṣu kì í ṣe òpó tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ dọ́gba. Bí a bá gé e ní ìnípọn kan náà, tí ìbú ègé àárín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, tí ti apá ìdí tí ó ṣóńṣó sì jẹ́ 6, ègé kan láti àárín tó ègé mẹ́rin láti ìdí. Iṣu tútù tí ó wúwo tó gíráàmù 100 ń lọ sí bí kálórì 118. A lè wá rí i bí ẹni méjì tí wọ́n jọ jẹ ègé méjì méjì lórí àwo kan ṣe lè dìde pẹ̀lú oúnjẹ tí kò bára dọ́gba rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ìyá wa kò ní òṣùwọ̀n. Kòńgò ń bẹ fún gààrí àti ẹ̀wà, agolo ń bẹ fún ìrẹsì, ìgò ń bẹ fún epo, ọgbọ́n tí ó sì wà nínú wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe é dà, tí í sì máa kún inú ohun èlò láìfi àlàfo ńlá sílẹ̀, ni àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí ṣe fún. A kò lè bu ẹsẹ̀ ewúrẹ́ sí kòńgò, agolo kò sì mọ bí yóò ti gba ìgbín tòun ti ìkarahun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, èènì wà. Nígbà tí kòńgò bá kún tán, ìyá ọjà a tún bu ìwọ̀nba lé e fún oníbàárà rẹ̀, àmì ìfẹ́ àti inú rere sì ni, n kò bá èènì wí. Kìkì ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ara kì í gba èènì bí èènì: ìmumu epo tí a fi dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran kékeré tí a tọ́ wò lórí iná, ẹ̀pà tí a ń họ sẹ́nu bí a ti ń tàkúrọ̀sọ, gbogbo rẹ̀ ni ara ń kà. Ṣíbí ńlá epo kan péré ń lọ sí bí kálórì 120, ó sì ju iṣu tútù gíráàmù 100 lọ.

Àwọn kan ní kí a fi ọwọ́ ṣe òṣùwọ̀n, kí àtẹ́lẹwọ́ dúró fún ẹran, kí ìkúùkù sì dúró fún òkèlè. Ìmọ̀ràn náà ní ire tirẹ̀, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ tóbi sábà máa ń ní ọwọ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe tí a fi ń kọ́ ara wa ní ìrànlọ́wọ́ yìí náà ni ó ń fi hàn pé òṣùwọ̀n tí ó ń yí padà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn kò lè tó ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ìṣirò.

Àwọn mìíràn ti ro ti omi. Ní Syracuse, ìlú àwọn Gíríìkì ní erékùṣù Sísílì, ni Archimedes gbé, ẹni tí ó kú ní ọdún 212 kí a tó bí Jésù. Vitruvius ará Róòmù ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ọlọ́gbọ́n náà wọ inú ìwẹ̀ tí omi sì ń tú dànù, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé omi tí ara òun tì jáde tó ara òun gẹ́lẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí kò sí gbágungbàgun tí omi kò lè yí ká. Ìbáà ṣe ata ilẹ̀ tí ó ní ìka púpọ̀, a ó mọ àyè tí ó gbà. Ṣùgbọ́n àyè ni omi ń wọn, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú àyè. Àkàrà tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ àti iyán tí ọmọ odó ti gún mọ́ra lè gba àyè kan náà, kí ìwúwo wọn jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀.

Kí ni kí a ṣe, ẹ̀yin ènìyàn mi? Kí a gbé oúnjẹ ka orí òṣùwọ̀n tí ń wọn ìwúwo. Òṣùwọ̀n kékeré tí a ń lò nílé ìdáná kò bèèrè bóyá ohun kan gún tàbí ó wọ́. Ohun tí ó bá wúwo ni ó ń sọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Ọ̀nà kìíní ni kí a kọ́kọ́ yọ ìwúwo àwo kúrò. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ọbẹ̀. Kí a gbé e lé òṣùwọ̀n ní òfìfo, kí a dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kí a tó bu oúnjẹ sí i.

Ọ̀nà kejì wà fún ohun tí ó ní eegun, èèpo, kóró tàbí ìkarahun. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: àwọn baba wa fi òwe yìí kọ́ wa pé kí a máa ṣẹ́ nǹkan kù fún ọmọ ẹ̀yìn, èmi sì ń yá a lò lónìí láti sọ pé ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àwo ní ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ wa. Kí a wọn máńgòrò odidi kí a tó bó o. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 400, tí a jẹ ẹ́ tán, tí kóró àti èèpo rẹ̀ wá jẹ́ 130, gíráàmù 270 ni ó wọ ikùn. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹran eléegun, bẹ́ẹ̀ ni ti orí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ti ṣùkù àgbàdo sísun àti ewé mọ́ínmọ́ín. Ohun tí a kò jẹ ni yóò jẹ́rìí sí ohun tí a jẹ.

Ọ̀nà kẹta wà fún ohun tí omi ti wọ̀. Gíráàmù 100 ìrẹsì tútù ń lọ sí bí kálórì 360, ṣùgbọ́n gíráàmù 100 ìrẹsì tí ó ti jinná kò ju bí 130 lọ, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀, omi kò sì ní kálórì. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ro àmàlà wọn èlùbọ́ rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí èlùbọ́ bá jẹ́ gíráàmù 200, tí a kà á sí bí kálórì 700, tí a sì rò ó tán tí gbogbo àmàlà inú ìkòkò wá jẹ́ gíráàmù 700, gíráàmù kan ti di kálórì kan; ìbáà rí róbótó tàbí kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tí ó bá gba gíráàmù 250 ti mọ ohun tí ó gbà. FAO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní 2012 lórí ohun tí ó wà nínú oúnjẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, iye tí ó ṣe é jẹ lára oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Kò sí ìdí mọ́ tí a ó fi máa fi ìṣirò búrẹ́dì àti ànàmọ́ òyìnbó ka oúnjẹ ilẹ̀ wa.

N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè wá máa fi òṣùwọ̀n dẹ́rù ba ọmọdé tí ó ń dàgbà, tàbí kí àlejò dé kí a máa wọn òkèlè fún un. Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀, ìlera sì ni oògùn ọrọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń pe ìwà tí kò ní àṣejù: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí a bá dẹ etí sí i dáadáa, bí ẹni wọn ọ̀tún tí ó sì wọn òsì ni ó ń dún. Òṣùwọ̀n ti wà nínú orúkọ ìwà rere wa kí òṣùwọ̀n onírin tó dé ilé ìdáná wa.

Ìyá mi ra òṣùwọ̀n kékeré kan. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí iyán tí ó jẹ tí kò kọ́kọ́ gbé ka orí rẹ̀, ìwọ̀n tirẹ̀ sì ni gíráàmù 200. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bu iyán láìwo òṣùwọ̀n, ó sì ní kí n bá òun wọn ọ́n wò. Gíráàmù 205 ni mo bá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, èmi náà wò ó, mo sì mọ̀ pé èsì ìbéèrè ọjọ́sí ti dé. Ìkúùkù ta ni? Ìkúùkù tí òṣùwọ̀n ti kọ́ ni.

 A ó jẹ oúnjẹ pẹ́ láyé, oúnjẹ kò sì ní jẹ wá.