A Kì í Bá Òkè Jà: Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Mọ́tò Kì í Gbà Nílẹ̀ Faransé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpèjọ ọdọọdún)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìròyìn ló ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ní rárá, ìròyìn ti sú gbogbo wa. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí, èyí tí a ń fẹsẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn wá sílé-ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé ní 2014, bọ́ọ̀sì kan ti ẹ̀yìn gbá mi nígbà tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Awakọ̀ náà ò dúró. Itan mi ọ̀tún kán, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi wà nílé. Egungun jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lọ. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Kódà, bí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì, tí mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì lẹ́yìn mi, ara mi á gbọ̀n. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iṣẹ́ gbé mi dé ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan wà ní agbègbè Bourgogne, láàrin òkè àti ọgbà àjàrà, tí mọ́tò kì í gbà, tí alùpùpù kì í gbà. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n lọ wò ó.

Voie verte ni wọ́n ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lédè wọn, ìyẹn ọ̀nà aláwọ̀ ewé. Láti 2004 ló ti wà nínú òfin ìrìnnà wọn pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin ló ni ọ̀nà náà, kì í ṣe ọlọ́kọ̀. Èyí tí mo ń wí yìí, láti Givry dé Cluny, kìlómítà 44, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, ní 1997. Ojú irin rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ò gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ará ìlú.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí olùkọ́ tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì tẹ́tí sí mi, torí mo rí wọn níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n mú ọ̀dùnkún wọ kíláàsì? Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ní etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìlà tó ń yí òkè ká nínú máàpù. Wọ́n ní ẹni tó bá tọ ìlà yẹn kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Àwa ò gbọ́ nǹkan kan. Bí a ó ṣe dín ọ̀dùnkún náà là ń rò.

Sà, Bourgogne ni ẹ̀kọ́ yẹn ti tó yé mi. Irin lórí irin máa ń yọ̀, nítorí náà ọkọ̀ rélùwéè kì í lè gun òkè tó dúró ṣánṣán. Àwọn tó la ojú irin mọ èyí. Níbi tí òkè ti dínà, wọ́n gé e. Níbi tí àfonífojì wà, wọ́n kó erùpẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n fi afárá sọdá. Èyí tí apá wọn ò ká, wọ́n yí i ká gẹ́gẹ́ bí ìlà ara ọ̀dùnkún. Bí kò bá ṣeé yí ká, wọ́n á gbẹ́ ihò la inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ló wá di oore fún oníkẹ̀kẹ́. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ò ń gun nǹkan kan.

Mo háyà kẹ̀kẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti Givry. Kí n má parọ́, kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò dùn mọ́ mi rárá. Gbogbo ìgbà ni mò ń bojú wẹ̀yìn. Ọgbà àjàrà tó lọ súà ní Buxy, mi ò rí i tán. Ìyá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú kọjá lára mi, ó kí mi “Bonjour”, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn Buxy, ọgbà àjàrà dín kù, pápá màlúù bẹ̀rẹ̀, màlúù funfun bí òwú. Ọ̀nà gba Saint-Gengoux-le-National, ó gba Cormatin, ó gba ẹ̀gbẹ́ Taizé tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láàrin yín á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dé Cluny. Ibi tí mo ti jìyà ni oúnjẹ. Aago kan ọ̀sán ni mo dé abúlé kan, gbogbo ìsọ̀ ló ti tì. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n lọ jẹ o! Bísíkíìtì méjì àti omi ni mo fi débi tí mo sùn. Ẹni tó bá ń lọ, kó ti ra búrẹ́dì àti wàràkàṣì láàárọ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ti Cluny kọrí sí Mâcon, òkè Bois Clair dínà, àwọn ará àtijọ́ sì gbẹ́ ihò la inú rẹ̀, kìlómítà kan àti mítà 600. Àdán ló ń sùn níbẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn títí ooru á fi dé. Ẹ wo ìjọba tó ń bọ̀wọ̀ fún oorun àdán! Oníkẹ̀kẹ́ tó bá dé lásìkò náà á gba orí òkè.

Mo wọlé. Ó tutù bíi kànga. Mo ti dé àárín nígbà tí mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ó ń hó, ó ń súnmọ́. Ọwọ́ mi gan sórí búréèkì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń retí bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́fà tàbí méje ló yọ, wọ́n ń lu agogo kẹ̀kẹ́, wọ́n ń pariwo kí ihò lè dá wọn lóhùn. Wọ́n juwọ́ sí mi, wọ́n kọjá.

Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá rántí pé kò sí bọ́ọ̀sì tó lè débẹ̀ láéláé. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ yẹn jáde sínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò bojú wẹ̀yìn mọ́ títí mo fi dé Mâcon.

Ní 2024, mo padà lọ, èmi àti ìyàwó mi. Ardèche la lọ, níbi tí òkè ti le ju ti Bourgogne lọ. Rélùwéè kékeré kan tó pa iṣẹ́ tì ní 1968 ló fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Dolce Via ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí àádọ́rùn-ún kìlómítà pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní La Voulte létí odò Rhône, ó tọ odò Eyrieux gòkè lábẹ́ igi chestnut, ó sì dé Saint-Agrève tó fi ẹgbẹ̀rún mítà ga ju òkun lọ. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí ẹ bá wà, ẹ ò ní gòkè ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ. Iyanrìn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà, torí náà táyà tó fẹ̀ díẹ̀ ló dára. Ọjọ́ méjì la fi gòkè. Ìyàwó mi tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà ọmọdé kò sọ̀ kalẹ̀ tì í lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Mo ti máa ń rò pé òkè ló ń lé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe òkè. Ohun tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ni. Mú ìyẹn kúrò, òkè á di ọ̀rọ̀ sùúrù, àgbà á gùn ún, ọmọdé á gùn ún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkejì: ní Cluny, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1088, kò sí èyí tó tóbi tó o láàrin àwọn Kristẹni títí wọ́n fi kọ́ ti Pétérù Mímọ́ sí Róòmù. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 1789, wọ́n tà á, wọ́n wó o, wọ́n ta òkúta rẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù là ń lọ wò. Ojú irin tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ì bá ti bá irú rẹ̀ lọ, káwọn kan má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ẹ̀ka London, ọkọ̀ ojú irin lè gbé yín débẹ̀. Ẹ lọ, ẹ mú ọmọ dání. Ẹ rántí pé ọ̀nà náà máa ń dábùú títì mọ́tò níbìkan, ẹ dúró kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sọdá.

Olùkọ́ wa! Ẹ dákun, ẹ jọ̀wọ́ ọ̀dùnkún yẹn. Àwa la jí i dín.