Aláàbọ̀ Ara Pẹ̀lú Ní Ọkàn Ìfẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni a ó sọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe èyí tí a sábà ń sọ ní gbangba. Bí ó bá wúwo létí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìfẹ́, ìgbéyàwó àti ìbálòpọ̀ bí ó ti kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ arọ, afọ́jú, adití, abuké àti àfín. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kò sí agbo ilé kan ní ìlú yìí tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ọmọbìnrin kan wà tí a kọ́ ní ìwé. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú un ní kékeré. Ó gbọ́n, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó sì ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wá tọrọ rẹ̀, ìdílé ọkọ ní àwọn kò lè fi owó àwọn ra wàhálà. Ìdílé ìyàwó ní oògùn owó ni ọmọkùnrin náà fẹ́ fi ọmọ àwọn ṣe. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọbìnrin náà léèrè ohun tí ó fẹ́. Wọ́n pe àwa náà sí ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀, a sì dákẹ́.

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ó lóyún. Ẹni tí ó fún un lóyún kò yọjú, nítorí òru ni ó ń wá, kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti sọ pé kò lè ṣe ìyàwó ni wọ́n tún ń sọ pé kò nítìjú. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: a ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọn, èyí tí ọkọ ń gbà wọlé pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹrù ìdána, a sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún olè.

Àwọn baba wa gbà pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, wọ́n sì ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí. Ṣùgbọ́n kí a má fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà ọ̀tọ̀, kí a gbà á ní àna ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó lè fún arọ ní sàráà tí kò lè fún un ní ọmọ fẹ́.

Kí ni ń bà wá lẹ́rù? Èkíní ni pé ọmọ yóò jogún àìpé ara òbí rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ohun àjogúnbá. Ẹni tí ọkọ̀ kán lẹ́sẹ̀ kì í bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bí àfín bá fẹ́ ẹni tí kò ní àbùdá àfín nínú ara rẹ̀, ọmọ wọn kì í ṣe àfín. Lóòótọ́, àwọn àìsàn kan wà tí à ń jogún, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni a ti í ṣèwádìí ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àfẹ́sọ́nà gbogbo wò nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Èkejì ni ìfẹ́ òbí tí kì í jẹ́ kí a tú ọmọ sílẹ̀. Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, gba oyè ìwé gíga ní ọdún 1904. Ní ọdún 1916, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 36, òun àti akọ̀wé rẹ̀, Peter Fagan, pinnu láti fẹ́ ara wọn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó fi òpin sí i. Helen Keller kú ní ọdún 1968 láìlọ́kọ. Ìyá náà kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa.

Òfin kò sí lẹ́yìn wa nínú àṣà yìí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006, èyí tí Nàìjíríà gbà wọlé ní ọdún 2010, sọ pé aláàbọ̀ ara tí ó bá ti tó ìgbéyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ fi tinútinú gba ara wọn, kí wọ́n sì pinnu iye ọmọ tí wọn yóò bí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni a kéde pé Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin ilẹ̀ wa tí ó ka fífi ojú ẹ̀gàn ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn odi ni ó dùn wá jù. Àwọn ìkà ọkùnrin a máa yàn wọ́n, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí kò lè fọhùn kò lè rojọ́. Irọ́ ni. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ̀rọ̀ fi ìwé kíkọ tàbí àmì ọwọ́ jẹ́rìí ní kóòtù. Nítorí náà, kí ìdílé kankan má ṣe gba owó ẹ̀bẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí òbí kọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní ohun tí ó ń kọ́ àwọn yòókù nípa ara wọn: bí oyún ti ń dé, bí àrùn ti ń ranni, àti ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti kọ ọwọ́ tí wọn kò fẹ́. Kí Ẹgbẹ́ wa fi ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn rọ́pò àtẹ̀gùn ilé ìgbẹ̀bí wa, kí ó ra ibùsùn kan tí kò ga, kí ó sì rán nọ́ọ̀sì kan lọ kọ́ èdè ọwọ́ àwọn adití. Ẹ̀kẹta kò ní ná wa ní kọ́bọ̀: nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó aláàbọ̀ ara bá délé, kí a kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè.

Ọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ọjọ́sí bí ti wọ ilé ìwé wa báyìí. Nínú ìwé orúkọ, àyè méjì wà fún òbí, ọ̀kan fún baba, ọ̀kan fún ìyá. Àwa fúnra wa ni a kọ ti ìyá sí i. Òfìfo ni èkejì, ìdákẹ́ wa sì wà nínú òfìfo náà.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe.