Àpérò Àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa Méjì tí Ń Lọ Bá Àwọn Oníbúlọ́ọ̀gì Pàdé

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka Àbújá sọ níbi ìpàdé oṣù, tí ẹgbẹ́ sì ní kí a tẹ̀ jáde.)

Alága ní kí n bá àwọn ọmọ wa méjì tí ẹgbẹ́ fẹ́ rán lọ sí àpérò àwọn oníbúlọ́ọ̀gì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó bá ìyá mi lọ sí ìdí èlùbọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá yìí, èmi nìkan ni mo ti lọ sí irú àpérò bẹ́ẹ̀ rí. Owó ẹgbẹ́ ni mo fi lọ, mo sì fi owó náà ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ó fi tọ́ kí n sọ̀rọ̀.

Kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn bàbá wa tí wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè Potogí. Búlọ́ọ̀gì ni ìwé ìròyìn tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ, tí ó sì ń gbé jáde fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kí a máa kọ ìròyìn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, 120 owó ẹyọ ni wọ́n sì ń ta ẹ̀dà kan. Ní ayé tiwa yìí, Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní ọdún 2005, Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì tirẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọdún kan náà sì ni Uche Pedro bẹ̀rẹ̀ BellaNaija. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kankan lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àpérò tí irú àwọn ènìyàn báyìí ń ṣe náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 2005 ni àwọn obìnrin kan ní California ṣe BlogHer àkọ́kọ́, ní ọdún 2006 ni wọ́n ṣe WordCamp àkọ́kọ́ ní San Francisco, Social Media Week sì dé Èkó ní ọdún 2013. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tí a óò bá níbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ayé baba ńlá wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń táràrà bíi tiwa ni.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ yìí yọ náírà 30,000 nínú àpótí fún mi. Nígbà náà mo ti ń kọ iye owó ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè Yorùbá: iye tí múdù èlùbọ́ jẹ́ ní Wúsè, iye tí ó jẹ́ ní Nyanya, iye tí kóńgò rẹ̀ jẹ́ ní Bódìjà, kí ará ilé tí ó bá fẹ́ rà á, tàbí tí ó bá fẹ́ kó o wá tà, lè mọ ibi tí yóò yà sí. Àwọn ènìyàn ń kà á dáadáa. Mo wá rò pé bí mo bá dé àpérò, wọn yóò kọ́ mi bí owó ìpolówó ṣe ń wọlé.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni wọ́n ti ṣe é. Bí mo ti wọlé ni ẹ̀rù bà mí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ bàtà funfun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń da àgbàdo sínú agbada. Mo wá ìjókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí fún ọjọ́ méjì. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mo ń kọ sílẹ̀, ó kún ojú ewé mẹ́rìnlélógójì. Mo gba àpò mẹ́ta, bírò márùn-ún àti ife kan. Mo jẹ ìrẹsì. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú ọkùnrin olókìkí kan tí n kò lè rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ lónìí.

Ìbéèrè kan wà tí mo gbé láti ilé lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ń san owó ìpolówó ń gba ojú ìwé tí a fi Yorùbá kọ. Ọjọ́ méjì ni ìbéèrè yẹn fi wà lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè nawọ́ sókè, mo ro Gẹ̀ẹ́sì mi wò, mo sì ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ tábìlì.

Mo padà dé ìpàdé wa, wọ́n ní kí n jíṣẹ́. Mo ń ka àkọlé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé ètò. Bàbá wa kan tí ó ti di olóògbé báyìí, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún wọn, gbọ́ mi títí, wọ́n wá ní, "Akọ̀wé, ta ni o bá pàdé níbẹ̀?" Mo ní, "A pọ̀ púpọ̀, bàbá." Wọ́n ní, "N kò béèrè iye yín. Ta ni, ni mo wí." N kò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà yóò rántí pé akápò kò wo ojú mi títí ìpàdé fi tú.

Kò tán síbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo tún fi ń kọ iye owó ọjà lọ, kí n tó wá fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó kan. Wọ́n dá mi lóhùn pé èdè tí mo fi ń kọ̀wé kò sí lára èdè tí àwọn ń gbà nígbà náà. Obìnrin kan láti Ìlọrin ni ó wá là mí lójú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n fi ìpolówó àwọn ará òkè òkun sílẹ̀, kí n lọ bá àwọn tí wọ́n ní ọjà gan-an, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù àti àwọn ọlọ́lọ̀, kí àwọn náà máa sanwó fún mi tààrà bí mo bá fi orúkọ wọn sí ojú ìwé mi. Ohun tí mo ń jẹ lórí iṣẹ́ náà títí di òní nìyẹn. Ìgbà tí a wá ń tàkúrọ̀sọ ni a rí i pé òun náà wà ní àpérò ọdún 2019. Orí ìlà oúnjẹ kan náà ni a tò sí. Ó rántí gèlè mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lórí pèpéle, ẹ óò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kà lórí fóònù lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí ìlà oúnjẹ, ẹ kò ní rí i mọ́. Òun ni ẹgbẹ́ ń sanwó fún.

Kí ẹ tó lọ, kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí ó ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ jù. Ìwọ, ọmọ wa obìnrin tí ò ń kọ nípa oúnjẹ ilé wa, o sọ fún mi pé àwọn kan ń kó fọ́tò ọbẹ̀ rẹ lọ sí ojú ìwé tiwọn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí, Àbújá níhìn-ín sì ni àjọ tí ń mójú tó o fìdí kalẹ̀ sí. Wá ẹni tí ó ti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ rí, bi í léèrè ibi tí ó gbà.

Ìwọ ọmọkùnrin tí ò ń kọ nípa ilé yíyá ní Kúbúwà, Lúgbé àti Mararaba, ọ̀rọ̀ tìrẹ kàn mí gidigidi. Ẹ̀yin ará mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti gba owó sílẹ̀ fún ju ẹnì kan lọ nínú wa lọ́wọ́ àwọn ajẹ́ńtì tí ń gba owó ilé kan náà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o ti ń dárúkọ ènìyàn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2024, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ẹni ti ọdún 2023 sì tún wà. Bí agbẹjọ́rò kan bá wà ní àpérò náà, má ṣe jẹ́ kí ó lọ kí o tó bi í pé: irú ẹ̀rí wo ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ mi kí n tó kọ orúkọ ajẹ́ńtì kan síta? Bí ó bá jẹ́ pé ìdáhùn yẹn nìkan ni o mú bọ̀, owó ẹgbẹ́ kò ṣòfò. Ìyá rẹ wà lórí ìjókòó yẹn, àwọn náà mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ka ìwé jù mí lọ, ẹ̀rù kò ní bà yín tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ronú ohun tí ẹ óò sọ bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ẹ ń ṣe. Ẹ má ṣe sọ pé "mo jẹ́ oníbúlọ́ọ̀gì," nítorí gbogbo ilé ni oníbúlọ́ọ̀gì. Ẹ sọ pé, "Mo ń kọ iye tí wọ́n ń yá ilé ní Lúgbé àti orúkọ àdúgbò tí omi ti ń yọ wọlé." Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyẹn yóò béèrè òmíràn.

Ẹ má jókòó pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì tí ó bá jọ ń bọ̀ láti ilé kan náà, ara wọn ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí a bá dé ọjà tí a kò dé rí, a kì í rajà ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, a máa ń yí ọjà náà ká ni. Ẹ yí i ká. Ẹ má sì dààmú ara yín lórí àwọn olókìkí. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni yóò yí wọn po, fọ́tò nìkan ni ẹ óò sì rí mú bọ̀. Ẹni tí ó fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú yín ni kí ẹ wá, nítorí ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ ṣì ń dùn ún. Àbújá dára fún èyí ju ìlú mìíràn lọ. Láti ìgbà tí ó ti di olú ìlú ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, kò sí ẹ̀yà tí kò sí níhìn-ín. Ẹni tí ó jókòó tì yín lè jẹ́ ará Màìdúgùrì tàbí ará Calabar, ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń wá irú yín.

Àwọn kan yóò wà níbẹ̀ tí wọn yóò fẹ́ ta ẹ̀kọ́ fún yín, pé ẹ san náírà báyìí, ẹ óò máa rí dọ́là báyìí. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni ẹgbẹ́ fún yín.

Ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá pàdé àti ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀. Káàdì ogún tí a kò kọ nǹkan sí lẹ́yìn, pépà lásán ni. Kí ọjọ́ mẹ́ta sì tó pé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ rán wọn létí ohun tí ẹ jọ sọ. Bí ẹ bá ṣèlérí láti fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ ṣe é. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ń kùnà sí, nítorí bí wọ́n ti ń délé ni wọ́n ń sùn.

Bàbá wa kan béèrè ní ìpàdé tí ó kọjá pé ṣé owó tí a lè fi ran opó lọ́wọ́ ni a óò tún kó fún àwọn tí ń tẹ fóònù. Wọn kò jẹ̀bi, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019. Nítorí náà mo ti bẹ ìgbìmọ̀ pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí jíṣẹ́ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí ó má sì jẹ́ ìwé ètò ni wọn yóò kà fún wa. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ènìyàn mẹ́ta, kí ó sọ ìbéèrè tí ó béèrè àti èsì tí ó gbà.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ń bọ̀ láti Kúbúwà jáde nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ kúkú mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń dí pa ní Berger. Ẹ gba agbára sínú fóònù yín láti alẹ́. Akápò yóò kó owó fún yín lẹ́yìn ìpàdé yìí, ẹ sì buwọ́ lùwé. Mo mú ìwé mi ti ọdún 2019 wá. Ojú ewé tí ó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ ṣì pọ̀. Ẹ gbà á, orúkọ ènìyàn ni kí ẹ kọ sí i.