Àsansílẹ̀ lórí Iṣẹ́ tí Kò Parí

Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta eré orí kọ̀ǹpútà mu. Àṣà kan wà láàárín wọn: wọn a máa ta eré tí kò tí ì parí. Ẹni tí ó rà á yóò máa ṣe é bí ó ti wà, yóò máa tọ́ka sí àléébù rẹ̀, owó rẹ̀ ni wọn yóò sì fi parí iṣẹ́.

Àṣà yìí kì í ṣe jìbìtì. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ Squad ní Mẹ́síkò gbé Kerbal Space Program jáde láìpé. Eré náà dá lórí kíkan ọkọ̀ tí ń lọ sí gbalasa òfuurufú. Ẹni tí kò bá ka òfin òòfà ilẹ̀ sí, ọkọ̀ rẹ̀ yóò já lulẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀dà kan fún ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Bí iṣẹ́ ti ń gòkè ni owó rẹ̀ ń gòkè. Ní 2015, ó pé.

Take-Two ti Amẹ́ríkà ra eré náà ní 2017. Ní 2019, ó kéde èkejì, ó ní yóò jáde ní 2020. Star Theory ni ó ń ṣe é. Take-Two gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Intercept Games tí ó dá sílẹ̀ ní Seattle. Star Theory kógbá sílé. 2020 kọjá, 2021 kọjá, 2022 kọjá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2023, eré náà jáde láìpé, ní dọ́là 49.99. Ìletò lórí ayé mìíràn, ìrìn-àjò sí ìràwọ̀ tí ó jìnnà, àti eré àjùmọ̀ṣe, gbogbo èyí tí wọ́n ṣèlérí, kò sí níbẹ̀. Kódà lórí kọ̀ǹpútà tí ó lágbára, ṣe ni ó ń wọ́ bí ìgbín. Àtúnṣe tí ó dé ní oṣù kejìlá 2023 mú ìrètí díẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní 2024, ìkéde jáde pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ 70 òṣìṣẹ́ ní Seattle. Àtúnṣe dáwọ́ dúró ní oṣù kẹfà, ìlérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ṣẹ. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ta eré náà.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan ní olùrà ni, nítorí Steam, ọjà tí wọ́n ti ń tà á, ti kìlọ̀ pé irú eré bẹ́ẹ̀ lè má parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó gba owó aṣọ ọdún, tí ó sì ti ṣọ́ọ̀bù kí ọdún tó dé, kò lè fi àkọlé ara ògiri dá ara rẹ̀ láre. Ìyàtọ̀ eré méjèèjì hàn gbangba: iye owó ti àkọ́kọ́ ń tẹ̀lé iṣẹ́, ti èkejì tẹ̀lé ìlérí.

Kí ọ̀dọ́ tí yóò san àsansílẹ̀ wo ohun tí ó wà nílẹ̀ lónìí. Bí èyí nìkan bá tó iye owó náà, kí ó rà á. Bí kò bá tó, kí ó dúró de aṣọ títí yóò fi kúrò lọ́wọ́ aránṣọ.